Ìkògòsì Nígbà Tí Èrò Kò Sí Níbẹ̀

Bí a bá dárúkọ Ìkògòsì létí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lónìí, kí ó tó fèsì, ọkàn rẹ̀ yóò ti lọ sí ọjọ́ kejì Kérésìmesì, tàbí ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tàbí ọdún Iléyá, nígbà tí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ oríṣìíríṣìí ń tò tẹ̀lé ara wọn wọ ìlú kékeré náà, tí orin ń dún láti inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ sí nínú omi láìtẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ báyìí ti lọ ná, a kò lè sọ pé kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí ni pé Ìkògòsì méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni Ìkògòsì ti ọjọ́ ọdún. Èkejì ni Ìkògòsì ti àsìkò òjò, láti nǹkan bí oṣù Òkúdu títí dé oṣù Ọ̀wẹrẹ̀, nígbà tí àlejò kì í fẹ́ ẹ́ yọjú síbẹ̀. Mo ti rí méjèèjì. Èkejì yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé láìsí i, èkíní kò lè sí.

Àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó kí wọ́n lè lọ sí erékùṣù kékeré kan láàrin òkun Pasífíìkì. Rapa Nui, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Chile, jìnnà sí etíkun Chile ju kìlómítà 3,500 lọ, síbẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò ń dé ibẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́n nínú wọn a máa mọ̀ọ́mọ̀ yan oṣù tí àlejò kò pọ̀, kí wọ́n lè rí ojú àwọn tí ó ni ilẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn wọn. Láti Ifẹ̀ dé Ìkògòsì kò gba odindi ọjọ́ kan, àní bí ọkọ̀ tilẹ̀ bà jẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí oṣù Agẹmọ bá ti wọlé, Ìkògòsì a jìnnà sí wa ju Rapa Nui lọ. Mo bi ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin bóyá wọn yóò bá mi lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: “Nínú òjò yìí?”

Ọ̀nà tí mo gbà nìyí. Láti Ifẹ̀, a gba Iléṣà kọjá, a dé Ìwàràjà, a yà kúrò lójú títì Àkúrẹ́ níbẹ̀, a sì forí lé Ẹ̀rìnmọ̀. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe òkè kan ṣoṣo, ẹ̀yìn gígùn kan ni, bí ẹ̀yìn ẹranko tí ó dùbúlẹ̀, tí ó na ara rẹ̀ láti ìhà àríwá sí ìhà gúúsù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń rí i láti òkèèrè. Nígbà tí mo lọ yìí, ìkùukùu ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé inú ìkùukùu náà gan-an ni ọkọ̀ wa wọ̀, awakọ̀ sì tan iná ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ìlú Agbọnbíofẹ agbẹ́gilére tí ó kú ní 1945, tí àwọn òpó rẹ̀ wà ní ààfin Alààyè, a kò rí ju páánù àwọn ilé díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Láti Ẹ̀fọ̀n a kọjá sí Arámọ̀kọ, ní Arámọ̀kọ a yà sí ọ̀nà Erinjìyàn, lẹ́yìn Erinjìyàn ni Ìkògòsì.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Arámọ̀kọ, nítorí ìwé ẹgbẹ́ Yorùbá ni a ń kọ. Alárá ni ọba ibẹ̀. Bí a bá lọ díẹ̀ sí i sí ìhà àríwá, a ó dé Ìjerò, tí Ajerò jẹ́ ọba rẹ̀, ìlú tí àwọn awakùsà ń wá kiri nítorí òkúta olówó iyebíye tí ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Ifá díẹ̀ nínú wa tí kò tíì gbọ́ orúkọ oyè méjèèjì yìí, nítorí pé àwọn babaláwo a máa kà wọ́n mọ́ àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà. A ń kọ́ wọn nínú kíláàsì bí ẹni pé ìlú inú ìtàn ni wọ́n. Ibùdókọ̀ Arámọ̀kọ ni mo jókòó sí fún wákàtí kan àti ààbọ̀ tí mò ń dúró kí ọkọ̀ kún. Nígbà tí kò kún, mo gun ọ̀kadà. Ẹni tí ó gbé mi ní bí ó bá jẹ́ ìgbà Kérésìmesì ni, òun yóò ti gbé èrò mẹ́wàá lọ kí ó tó di ọ̀sán, ṣùgbọ́n pé ní ọjọ́ yẹn èmi ni ẹni kejì.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yà mí lẹ́nu ní Ìkògòsì kì í ṣe omi, ohùn ènìyàn ni. Nígbà ọdún, bí o bá sọ̀rọ̀ sí ọmọ ibẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò tàbí Gẹ̀ẹ́sì àdàlù ni yóò fi dá ọ lóhùn, nítorí ó ti mọ̀ pé àlejò ni ọ́. Nígbà òjò, àwọn ará ilé nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀ka èdè wọn sì ń jáde bí ó ti rí gan-an. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, ugbó ni wọ́n ń pe igbó, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu. Gbogbo wa ni a ti kọ ọ́ sínú ìdánwò pé fáwẹ̀lì ‘u’ kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, a sì máa ń fi kún un pé àwọn ẹ̀ka èdè bíi ti Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀. Mo kọ ọ́, mo gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ọmọdé kan máa ké sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá wo ohun tí ó ń jò nínú ulé, ìyẹn yàtọ̀ sí máàkì. Mo rò pé bí ẹ̀ka ìmọ̀ wa bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ohùn sílẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, àsìkò yìí ni kí wọ́n kó wọn lọ, kì í ṣe ìgbà tí gbogbo ìlú ti wọ aṣọ àlejò sí ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi omi wàyí. Fún ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀, ìsun méjì ni ó wà. Ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, ó ń sun láti ẹsẹ̀ òkè, ó sì ń ṣàn wálẹ̀ láàrin igbó. Èkejì tutù, ọ̀nà tirẹ̀ ni ó ń gbà bọ̀. Àwọn méjèèjì pàdé níbì kan, wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Ìyanu ibẹ̀ ni pé níbi tí wọ́n ti pàdé, ènìyàn lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú èyí tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ó na ti òsì sínú èyí tí ó tutù, kí ó sì mọ ìyàtọ̀ wọn kedere, nítorí pé wọn kì í pòpọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èyí ni gbogbo ayé mọ̀. Ohun tí àwọn tí ń lọ ní Kérésìmesì kò rí ni pé ìpàdé náà kì í dúró lójú kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tútù a máa kéré, a máa mọ́, ó sì rọrùn láti fi ojú wá ààlà wọn tì. Ní oṣù Agẹmọ, òjò ti rọ̀ sínú omi tútù, ó ti wú, ó ti gbé ewé àti erùpẹ̀ dání, ó ń ṣe bí ẹni tí inú ń bí. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ní tirẹ̀ kò yí padà. Bí mo ti bá a ní Kérésìmesì náà ni mo bá a nínú òjò: ó mọ́, kò yára, kò lọ́ra, ooru rẹ̀ kò sì dín. Mo fi ọwọ́ kàn án ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí òtútù mú mi débi pé eyín mi ń lu ara wọn, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń gòkè lórí rẹ̀. Ní àkókò náà ni ènìyàn tó mọ ìwúlò rẹ̀. Ta ni ó nílò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn?

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo àlejò. Wọ́n ní ọkọ kan ni ó ní ìyàwó méjì. Ìyálé jẹ́ oníbìínú, ìyàwó kékeré sì jẹ́ oníwà tútù. Aáwọ̀ wọn pọ̀ títí wọ́n fi di omi, ìyálé di èyí tí ó gbóná, ìyàwó di èyí tí ó tutù, ọkọ wọn sì di òkè tí ó wà lókè wọn. Ìtàn náà dùn, ó sì bá ohun tí ojú ń rí mu: àwọn obìnrin méjì nínú àgbàlá kan, tí ìwà wọn kò jọra, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ máa lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń ṣàkíyèsí pé bí àwọn ọkùnrin bá ń sọ ọ́, ìyálé ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Mo sọ èyí fún ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń bó àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé nítorí èyí tí ó tutù ni o ṣe wá láti Ifẹ̀?” Mo ní rárá, Màmá. Ó ní, “Odò tútù ò sí n’Ífẹ̀ ni? Ìyálé ló gbé orúkọ ìlú yìí jáde. Kí wọ́n máa bú u lọ.” Ó tún mú àgbàdo mìíràn, ó ń bó o lọ.

Báwo ni omi ṣe gbóná ní ilẹ̀ tí kò sí òkè ayọnáyèéfín? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi lọ sí ilé ìkàwé lẹ́yìn tí mo padà dé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná kan wà lábẹ́ Ìkògòsì tí yóò bú jáde lọ́jọ́ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta òkè Ẹ̀fọ̀n jẹ́ irú èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní quartzite. Yanrìn ni ní àtètèkọ́ṣe. Ìwúwo ilẹ̀ àti ooru inú ilẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òkúta líle. Orúkọ Ẹ̀fọ̀n náà ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí fi sọ ọ̀wọ́ àpáta náà nínú ìwé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Effon ni wọ́n ń kọ ọ́. Òkúta yìí le, ṣùgbọ́n ó ti sán káàkiri. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, apá kan a ṣàn lọ sínú odò, apá kan a sì rì sínú àwọn sísán náà. Èyí tí ó rì kò dúró. Ó ń lọ sí ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọjọ́ pípẹ́.

Inú ilẹ̀ gbóná ju òkè ilẹ̀ lọ, kò sì pọn dandan kí iná wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bí a bá sọ̀kalẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru a fi nǹkan bí dígírì 25 sí 30 ti Celsius lé sí i. Níbi tí àpáta bá ti gbó gan-an bíi tiwa, ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Omi tí ó sọ̀kalẹ̀ a gba ooru yìí sára, nígbà tí ó bá sì bá ibi tí àpáta ti ya jinlẹ̀ pàdé, a gòkè padà kí ooru náà tó tán lára rẹ̀. Omi Ìkògòsì ń jáde ní nǹkan bí dígírì 37 jálẹ̀ ọdún. Bí a bá ka ilẹ̀ òkè sí nǹkan bí dígírì 25, a ó rí i pé omi náà ti gba dígírì méjìlá lé sí i. Ìṣirò kékeré yóò fi hàn pé ibi tí ó dé nísàlẹ̀ kò lè dín púpọ̀ ní ìdajì kìlómítà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé omi náà ń tutù díẹ̀ bí ó ti ń gòkè bọ̀.

Nítorí náà, òjò tí ó ń lé àlejò sá, òun ni ó ń di omi tí àlejò ń wá wò. Kì í ṣe òjò ọdún yìí o. Èyí tí mo fi ẹsẹ̀ sí nínú rẹ̀ ti rọ̀ tipẹ́tipẹ́, èyí tí ó pa mí lórí òkè Ẹ̀fọ̀n sì ń bọ̀ wá di lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kò fi wú nígbà tí èkejì rẹ̀ wú. Omi tútù ń jẹun lórí òjò àná. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń jẹun lórí ohun tí ó ti wà nínú àká.

Àwa nìkan kọ́ ni a ní irú rẹ̀. Ní Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, ìsun Wikki wà, tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí dígírì 31. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Bath, tí omi ibẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí dígírì 46, ó sì ju lítà mílíọ̀nù kan lọ lójúmọ́. Kò sí òkè ayọnáyèéfín ní Bath náà. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé òjò orí àwọn òkè Mendip ni ó ń rì sínú ilẹ̀, tí ó ń gbóná níbẹ̀, tí ó sì ń gòkè padà wá sí àárín ìlú. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé odindi ilé ìwẹ̀ ńlá ni àwọn ará Róòmù kọ́ lé e lórí láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó títí di òní, nínú òjò àti nínú òtútù.

Ọ̀rọ̀ dígírì yìí mú mi dé orí ohun kan tí ó máa ń dùn mí. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé pélébé tí a fi ń polówó Ìkògòsì, a ó rí i kà pé omi náà gbóná tó dígírì 70 níbi ìsun rẹ̀, kí ó tó di 37 níbi ìpàdé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ìka kan omi tí ó tó dígírì 70 rí mọ̀ pé kò ní fi kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ara a máa bó. Ní 1969, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Rogers, Imevbore àti Adegoke, tẹ ìwé kan jáde lórí bí omi Ìkògòsì ti rí àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ omi yìí ti wà nínú ìwé ìmọ̀, síbẹ̀ 70 ni àwọn tí ń polówó ń dà kọ láti inú ìwé kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni 37 fúnra rẹ̀ tó ohun tí a lè fi yangàn. Òun ni ìwọ̀n ooru tí ó wà nínú ara ènìyàn alààyè. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè jókòó nínú omi náà pẹ́, tí yóò sì dà bí ẹni pé kò mọ ibi tí ara òun parí sí.

Ọ̀rọ̀ kejì tí àwọn ìwé kan náà ń dà kọ ni pé Ẹni-ọ̀wọ̀ John McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ni ó “ṣàwárí” omi náà ní 1952. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ìjọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibi ìpàgọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, kò sì sí iyèméjì pé èyí mú kí orúkọ ìlú náà kàn. Ṣùgbọ́n èdè ni iṣẹ́ tiwa, ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí ‘ṣàwárí’ túmọ̀ sí. Ohun tí ó sọnù, tàbí tí ó fara pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, ni a ń ṣàwárí. Ọmọ Ìkògòsì tí a fi omi náà wẹ̀ fún kí ó tó la ojú dáadáa, ta ni ó fara pamọ́ fún? Àwọn ará Róòmù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ajagunṣẹ́gun ni wọ́n; síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Bath, wọ́n bá orúkọ òrìṣà omi náà níbẹ̀, Sulis ni wọ́n ń pè é. Wọn kò pa á rẹ́. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣáájú orúkọ òrìṣà tiwọn, wọ́n ń pè é ní Sulis Minerva. Èmi rò pé ìyálé oníbìínú náà tó ẹni tí a lè dárúkọ rẹ̀ ṣáájú 1952.

Lẹ́yìn ìjọ, ibẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ìjọba. Ìpínlẹ̀ Òndó, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, ni ó ni ín kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1996. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàrin 2010 sí 2014, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n kọ́ ilé àlejò sí i, àní wọ́n ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ìwádìí fún oyè gíga. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ti rò fún Ìkògòsì, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó wù mí jù, nítorí pé kò dúró de Kérésìmesì.

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará ìlú kò kéré. Obìnrin kan tí ó ń ta oúnjẹ sọ fún mi pé ọjọ́ bíi mẹ́wàá láàrin ọdún ni òun ń fojú sí. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ ọdún, tàbí bí epo bẹntiróòlù bá wọ́n tí ọkọ̀ kò rìn, ó ti parí fún ọdún náà. Oṣù yòókù, oko ni ó kù. Mo bi í bí òun yóò bá lè se iyán fún ogún akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù Agẹmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ kó wọn wá ná, pé ìgbà yẹn gan-an ni iṣu tuntun ń jáde, kì í ṣe iṣu gbígbẹ tí àwọn ń gún fún àlejò nígbà ọdún. Mo jẹ nínú iyán náà. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ má baà rò pé nítorí iyán ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

Ohun kan tún wà tí àlejò ọjọ́ ọdún kò lè rí nítorí kì í gbójú sókè. Ọkọ̀ gẹdú méjì ni mo pàdé lójú ọ̀nà láàrin Arámọ̀kọ sí Ìkògòsì, gbogbo wọn kún. Igbó orí òkè ni ó ń dá òjò dúró kí ó lè rí àyè rì sínú sísán àpáta. Bí igi bá tán lórí rẹ̀, òjò a kàn máa sáré kọjá lọ sínú odò, a sì gbé erùpẹ̀ lọ. Omi tútù ni yóò kọ́kọ́ fi í hàn, yóò máa wú jù nígbà òjò, yóò máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yóò pẹ́ kí ó tó sọ fún wa, nítorí pé àká rẹ̀ jìn. Nígbà tí yóò bá sọ, yóò ti pẹ́ jù láti gbin igi. Àwọn ará ìlú mọ èyí jù mí lọ. Baba kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní òun kò lè sọ pé kí ọmọ òun má gé igi nígbà tí kò sí iṣẹ́ mìíràn láàrin Iléyá sí Kérésìmesì.

Nítorí náà, mo fẹ́ dá a lábàá fún àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa pé kí ìrìn-àjò ọdọọdún wa yí padà sí oṣù Agẹmọ tàbí oṣù Ògún. Ẹ̀rù òjò kò yẹ kí ó bà wá. Bàtà tí kò ń yọ̀ ni kí a wọ̀, nítorí òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ púpọ̀. Kí a mú aṣọ òtútù dání, kí a sì tètè kúrò ní Ifẹ̀ kí ìkùukùu má baà bá wa ní òkè Ẹ̀fọ̀n nírọ̀lẹ́. Kí a ránṣẹ́ ṣáájú sí àwọn tí yóò se oúnjẹ, kí a má kó ìrẹsì dání láti ilé. Ẹ̀ka èdè ibẹ̀ ni kí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa gbà sílẹ̀, kí àwọn onílítíréṣọ̀ sì gba ìtàn ìyálé àti ìyàwó lẹ́nu àwọn obìnrin. Bí àyè bá sì wà, kí a tẹ̀ síwájú dé Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí Ìkògòsì, kí a wo omi Àrìnta tí ń já láti orí àpáta. Ní oṣù kejìlá, Àrìnta a máa rọra sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ nínú òjò, ẹni tí ó mú mi lọ ní láti fi ẹnu sí mi létí kí n tó gbọ́ pé ó ní kí a máa padà, pé òjò mìíràn ti ń ṣú bọ̀ láti ìhà Ẹ̀fọ̀n.